Bọ́tìnì F4: bí mo ṣe rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń rá pálá

Software kan wà tí wọ́n ń pè ní Celestia, ọ̀fẹ́ ni, Chris Laurel ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 2001. Kò wúwo rárá, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ á gbé e, tẹ́ ẹ bá sì ti dáńlóòdù ẹ̀ tán kò tún ń jẹ dátà mọ́, ìyẹn dáa gan-an fún àwa tá a wà n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ó kó oòrùn, ayé, òṣùpá àti ìràwọ̀ tó lé ní 100,000 sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin á wá máa fò káàkiri láàrin wọn bó ṣe wù yín. Wọn ò kàn fọ́n àwọn ìràwọ̀ yẹn sílẹ̀ láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ o, wọ́n fi kálukú sáyè ẹ̀ ni, torí sátẹ́láìtì Hipparcos tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ sókè lọ́dún 1989 ti wọn bí wọ́n ṣe jìnnà sí wa tó.

Gbogbo wa la kọ́ ọ nílé ìwé pé ìmọ́lẹ̀ ń sáré bíi kìlómítà 300,000 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, a gba máàkì, ó tán. Nínú Celestia, F4 ni ìsáré ìmọ́lẹ̀. Ẹ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, ẹ kọjú sí ayé, ẹ tẹ F4, kẹ́ ẹ wá máa wò. Ẹ máa rò pé kọ̀ǹpútà ti há ni. Ìsáré yẹn tó láti yí ayé po ju ìgbà méje lọ kí sẹ́kọ́ǹdù kan tó pé, síbẹ̀ ayé kàn wà níwájú yín bí ìràwọ̀ kékeré, kò jọ pé ó ń sún mọ́ yín, ó di ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Nọ́ńbà tí mo ti mọ̀ látìgbà èwe mi, ìdí kọ̀ǹpútà yẹn ló ti wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ ká ní oòrùn ò ju agbálùmọ̀ kan lọ, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ká gbé e sílẹ̀ lọ́jà Òkè-Ajé. Ayé á jẹ́ horo gàrí Ìjẹ̀bú kan ṣoṣo, gàrí wa tó kúnná yẹn, á sì wà ní mítà 5 ó lé díẹ̀ sí agbálùmọ̀. Neptune tó gbẹ̀yìn nínú pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á wà ní bíi mítà 160, ẹ ṣì lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kẹ́ ẹ padà wá rajà. Ó wá ku Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn. Ìyẹn á jẹ́ horo ẹ̀wà kan, Bamako ni á sì wà, ní Mali lọ́hùn-ún! Voyager 1, ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní èèyàn nínú tí wọ́n rán lọ lóṣù kẹsàn-án ọdún 1977, ń sá bíi kìlómítà 17 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, á yí gbogbo Erédò Súngbọ̀ wa po, odi àtijọ́ tó gùn tó bíi kìlómítà 160, kí sẹ́kọ́ǹdù mẹ́wàá tó pé, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Proxima ló forí lé, ọ̀nà ẹ̀ á gbà á ju ọdún 70,000 lọ.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù yìí lọ fi han ìyá àgbà wa n'Ìjẹ̀bú-Igbó lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, ojú ọ̀run mọ́ kedere, àgùàlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù. Mo fi hàn wọ́n pé kìlómítà 384,400 ni òṣùpá sí wa, pé àgùàlà, Venus àwọn òyìnbó, kódà lọ́jọ́ tó bá sún mọ́ wa jù, ó ṣì jìnnà ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ayé wa. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá ẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣajá oṣù." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mo wá tẹ L kí ọjọ́ máa yára lọ, a sì jọ rí i bí oṣù ṣe fi àgùàlà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó tún jìnnà sí i lọ́jọ́ kẹta. Àwọn tó pa òwe yẹn ti fara balẹ̀ wojú ọ̀run lálaalẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn.

F7 wá ni bàbá ìsáré. Ọdún ìmọ́lẹ̀ kan, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa sáré dé lọ́dún kan gbáko, ní sẹ́kọ́ǹdù kan! Proxima ò ju sẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi F7 la galaxy tiwa yìí, àgbájọ ìràwọ̀ ńlá tí oòrùn wa wà nínú ẹ̀, já láti etí kan dé èkejì, ó máa tó wákàtí 27, Andromeda tó jẹ́ galaxy ńlá tó sún mọ́ wa jù á gbà yín ní bí oṣù kan gbáko, tọ̀sán-tòru. Àbúrò mi tó wà ní SS2 bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ibi tójú awò lè ríran dé ńkọ́?" A ṣírò ẹ̀ pọ̀, bíi bílíọ̀nù 46 ọdún ìmọ́lẹ̀ ni, F7 á sá a ju ọdún 1,400 lọ. Ó tún un ṣírò, ohun kan náà ló jáde.

SpaceEngine tí Vladimir Romanyuk ará Rọ́ṣíà ṣe náà wà, ó rẹwà ju Celestia lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára, ibi tí a ò sì tíì mọ ohun tó wà ńbẹ̀, ó máa ń fi ìràwọ̀ àtọwọ́dá dí i. Sátẹ́láìtì Gaia tó gbéra lọ́dún 2013 pàápàá, ìràwọ̀ tó tó bílíọ̀nù méjì ló kà, ìyẹn ò sì ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tàwọn tó wà nínú galaxy wa lọ. Èmi fẹ́ mọ èyí tí èèyàn ti rí gan-an, torí ẹ̀ ni mo ṣe dúró ti Celestia.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bọ́tìnì G wà tó máa ń gbé èèyàn dé ibikíbi láàrin sẹ́kọ́ǹdù díẹ̀, òun ni gbogbo ọmọdé máa ń fẹ́ tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi software yìí han ọmọ, ẹ má jẹ́ kó fi G bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ló ń gbé mì, ọ̀nà yẹn gan-an sì lohun tá a wá wò. Ẹ jẹ́ kó fi F4 lọ láti ìdí oòrùn dé Jupiter. Ìṣẹ́jú 43 ni. Ẹ ti ṣáájì bátìrì kún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í.