Ọwọ́ Òsì Nísàlẹ̀: Ohun Tí Gọ́ọ̀fù Kọ́ Mi

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí mi níbi tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù máa ń rò pé mo ṣi ọ̀pá dì mú ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń lò. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi tó ń lo ọ̀tún, òsì ni wọ́n fi ń di ìdí ọ̀pá mú lókè, ọ̀tún á wá tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. Tèmi dorí kodò: ọ̀tún lókè, òsì nísàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní mo dà bí ẹni tí wọ́n fi ìbínú gbé ọkọ́ lé lọ́wọ́.

Mi ò fi ṣe àṣà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kádì ni mí ní pápá gọ́ọ̀fù kan ní Ìbàdàn, báàgì àwọn ọ̀gá ni mò ń gbé kiri. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní nǹkan kan. Orí ọ̀pá tó ti kán la máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, á bá wa lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tí wọ́n fi ń da kọnkéré, òun la sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ògiri nígbà tí ojú ò bá sí lára wa. Irin yẹn wúwo, ó sì ń yọ̀. Bí mo bá gbé òsì sókè bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, ńṣe ni orí rẹ̀ á máa yí mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé òsì wá sísàlẹ̀, irin náà gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ló sì bá mi dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo padà wálé wá kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà.

Iṣẹ́ yẹn ló mú mi pàdé Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti Amẹ́ríkà dé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Tákìe pé kí n ṣe àga mẹ́fà fún àwọn. Ibi tí a ti ń dúnàádúrà ni wọ́n ti rí ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan tó fara ti ògiri láàárín pákó. Ọ̀rọ̀ àga tán níbẹ̀. Ní Sátidé yẹn, a ti wà lórí ilẹ̀ àgbàdo tí wọ́n ti kórè lẹ́yìn ilé wọn. Igi máńgòrò méjì ló dúró níwájú, oko ẹ̀gẹ́ ìyá kan sì wà lápá ọ̀tún. Mo gbá bọ́ọ̀lù kan, ó gba àárín máńgòrò méjèèjì kọjá. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.

“Àbúrò, ta ló kọ́ ẹ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé bọ́ọ̀lù náà kò lọ bó ṣe yẹ ni?”

“Ó lọ lónìí. Ó dọ̀la ná.”

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì parí.

Mo ní ẹ̀rí tèmi. Àgbà kádì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi ní Ìbàdàn, kí n tó wá kà á fúnra mi lórí fóònù. Ará Gúúsù Áfíríkà kan wà tó ń jẹ́ Sewsunker Sewgolum, Papwa ni ayé ń pè é. Ìran Íńdíà ni, kádì lòun náà, bó sì ṣe ń di ọ̀pá mú gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń di tèmi mú. Ó gba ìdíje gọ́ọ̀fù Dutch Open ní Netherlands lọ́dún 1959, ó tún gbà á ní 1960 àti 1964. Nígbà tó wá gba Natal Open nílé ní 1963, òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà kò jẹ́ kó wọ inú ilé ẹgbẹ́ pẹ̀lú àwọn òyìnbó; ìta, nínú òjò, ni wọ́n ti nawọ́ ife sí i. Ó tún padà wá gbà á ní 1965, ó sì fẹ̀yìn Gary Player, gbajúgbajà agbágọ́ọ̀fù òyìnbó ilẹ̀ wọn, balẹ̀ níbẹ̀. (Bí mo bá ti dé ibi òjò yẹn nínú ìtàn náà, inú máa ń bí mi débi pé mo máa ń gbàgbé ohun tí mo fẹ́ fi gbèjà ara mi.)

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹnì kan péré lo rí dárúkọ.” Mo dárúkọ Jim Furyk, agbágọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà. Tí ọkùnrin yẹn bá gbé ọ̀pá sókè, ẹ ó rò pé eṣinṣin ló ń lé lẹ́yìn orí. Ọ̀pá á lọ kọ́lọkọ̀lọ lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀ ó gba US Open ní 2003, nígbà tó sì di 2016, ó gbá ihò 18 parí pẹ̀lú 58. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó gbá a níye tó kéré jù ló borí, kò sì tíì sí ẹni tó gbá ohun tó kéré sí 58 nínú PGA Tour, ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní Furyk ò gbé òsì sísàlẹ̀. Mo ní ó ń gbé e síbẹ̀ tó bá ti kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù wọ ihò, àti pé Jordan Spieth, agbágọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà mìíràn, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ti ẹnu ihò yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́, mo kàn fẹ́ kí wọ́n fún mi lẹ́yọ kan ni.

Ohun tí mo wá kábàámọ̀ rẹ̀ ni pé mo jẹ́ kí ìtìjú ṣe mí. Àwọn àlejò Ẹ̀gbọ́n máa ń wá wò wá, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí ọwọ́ mi. Mo yí i padà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi di ọ̀pá mú bí ìwé ṣe wí, oko ẹ̀gẹ́ ìyá yẹn ni mò ń bọ́ ní bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ta àwọn ọ̀pá náà.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló là mí lójú. Mò ń kan ìṣó mọ́ férémù ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, mo wá rò ó pé ìṣó ò mọ̀ bóyá mo jókòó tàbí mo lóṣòó. Ojú òòlù nìkan ló mọ̀. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù náà rí bẹ́ẹ̀. Òun àti ojú ọ̀pá ò pẹ́ lára wọn ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ibi tí ojú ọ̀pá bá kọ sí nígbà náà ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ forí lé jù. Bí ọ̀nà tí ọ̀pá ń gbà bọ̀ bá yàtọ̀ sí ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí, bọ́ọ̀lù á yí lójú òfuurufú, á sì tẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Òfin pàápàá ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọwọ́ tó wà lókè. Ó ní gbígbá ni kí o gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe kí o tì í. Láti 2016, ó tún ní o ò gbọdọ̀ fi ìdí ọ̀pá ti ara nígbà tí o bá ń gbá a.

Mo bá lọ bá Ẹ̀gbọ́n pé ẹ jẹ́ ká fi òpin sí ariwo. Ọ̀pá kan náà, nọ́ńbà méje, 20 bọ́ọ̀lù bí ìwé ṣe wí, 20 bí tèmi. Márùn-ún márùn-ún ni kí n máa gbá a ní pààrọ̀, kó má lọ jẹ́ pé àárẹ̀ ló pa ọ̀kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ń gún pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti balẹ̀, pupa fún ti ìwé, funfun fún tèmi. Nígbà tí a parí, pupa kan wà níwájú gbogbo funfun, ó fi ìṣísẹ̀ 14 jù wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i: “Ṣé o rí i?” Mo rí i. Ṣùgbọ́n pupa méje ló wà nínú ẹ̀gẹ́. Funfun 17 gba àárín máńgòrò méjèèjì.

Tí ẹ bá fẹ́ dán irú nǹkan yìí wò, bọ́ọ̀lù tó burú jù ni kí ẹ kà, ẹ fi èyí tó dára jù sílẹ̀. Èyí tó dára jù yẹn ló ń tan gbogbo wa jẹ.

Inú mi dùn jù lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣe àṣìṣe kejì. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ kọ́ ọ, ọmọ ọdún 12 ni. Mo gbé òsì rẹ̀ sísàlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni ń fi ogún lé e lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Ó ní, “Dádì, ọrùn ọwọ́ ń dùn mí.” Mo ní kó máa bá a lọ, ó máa mọ́ ọn lára. Àyẹ̀wò tí mo fi bá Ẹ̀gbọ́n jà, mi ò rántí ṣe é fún ọmọ tèmi. Ẹ̀gbọ́n ló yí ọwọ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí mo máa yọjú, bọ́ọ̀lù ti ń fò kọjá orí máńgòrò. Irin tó wúwo, tó ń yọ̀, ló bí ọwọ́ tèmi. Ọmọ yẹn ò di irú irin bẹ́ẹ̀ mú rí.

Ẹ̀gbọ́n tún borí mi lórí ọ̀pá gígùn, dráífà. Apá mi kì í lè lọ sẹ́yìn tó lórí ìyẹn pẹ̀lú òsì nísàlẹ̀, mo sì ti jáwọ́. Ti ìwé ni mò ń lò fún un báyìí, fún òun nìkan.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá olóko wa ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó gbé kóńgò wá bá wa lórí ilẹ̀ àgbàdo, ó da bọ́ọ̀lù mẹ́tàlélógún síwájú wa, ó ní kí oníkálùkù mú tirẹ̀ kí ó sì san owó ẹ̀gẹ́ tó tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní méjì péré ni tàwọn.