Omi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará Peckham tẹ́ ẹ máa ń gba ẹ̀yìn ilé ìkàwé kọjá sí Burgess Park, ṣé ẹ mọ̀ pé ojú odò lẹ̀ ń rìn?

Lánàá ni mo ń wo máàpù Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́ lórí fóònù. Ilé ìkàwé ìjọba Scotland ti kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wá àdúgbò wa, omi ni mo bá! Ẹ̀ka Grand Surrey Canal ni, odò àfọwọ́gbẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1826. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó pákó gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí iṣẹ́ tán ní èbúté Surrey Docks, wọ́n dí i pa. Ní 2000 ni wọ́n wá ṣí ilé ìkàwé síbi tí odò náà parí sí.

Mo fi han màmá òyìnbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n wọlé lọ gbé fọ́tò kan wá, etí rẹ̀ ti ká. Ọmọdébìnrin kan wọ bàtà òjò, ó dúró sétí omi, pákó tí wọ́n tò jọ ga fíofío lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn náà ni! Wọ́n ní òórùn pákó tútù ló máa ń gba àdúgbò kan, àti pé bàbá wọn kì í fẹ́ kí wọ́n sún mọ́ omi yẹn rárá. Inú mi dùn dé ìdí.

Ẹni tó bá ní fọ́tò òpópónà Rye Lane ní Peckham níbí nígbà táwọn ìyá wa kọ́kọ́ ń ta iṣu níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi síbí. Ẹ kọ ọdún sí i lẹ́yìn.