Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?

Òjò láti àárọ̀. Mo jáde lọ ra yíǹkì dúdú, mi ò rí èyí tó dáa, mo padà sílé. Ohun tí mo ṣe lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò wa sọ ni kò kúrò létí mi. Òun àti ọmọ rẹ̀ ń kọjá, wọ́n rí àwòrán Mingus, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà tó máa ń ta béèsì, tí mo gbẹ́ sára pákó, tí mo sì tẹ̀ sórí bébà lánàá, tí mo sá sórí okùn. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá yìí mà lejú o! Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"

Ta ló ṣẹ Charles Mingus? Wọ́n pọ̀. Nígbà tó ń dàgbà ní Watts, ní Los Angeles, cello, ohun èlò olókùn bíi gòjé ńlá, ló fẹ́ràn. Wọ́n sọ fún un pé kò sí bí ọmọ dúdú ṣe máa fi ìyẹn jẹun, kó yáa lọ kọ́ béèsì. Lọ́dún 1957, Faubus, gómìnà ìpínlẹ̀ Arkansas, kó ológun dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ mọ́ àwọn ọmọ dúdú 9 ní Little Rock. Orin ni Mingus fi bá a wí. Ta ni kò ní lejú?

Àmọ́ èmi ni mo gbẹ́ ojú yẹn. Ibi tí ọ̀bẹ bá gbà lára pákó ló ń funfun, èyí tí mo bá fi sílẹ̀ ló ń gba yíǹkì. Ìlà méjì tó wà níwájú orí rẹ̀ yẹn, ọjọ́ Tọ́sìdeè ni mo fà á. Ó jinlẹ̀ jù. Àbí ìbínú tèmi ni mo gbé wọ̀ ọ́? Pákó tó ti lọ kò ṣeé dá padà.

Rárá, òun náà ń bínú. Wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ní June 1978, Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, pe àwọn olórin jáàsì sí White House. Àìsàn iṣan ara tí wọ́n ń pè ní ALS ti rọ Mingus lápá lẹ́sẹ̀, orí àga onítáyà ló jókòó sí. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó bú sẹ́kún. Carter lọ dì mọ́ ọn. Ìka tó ń ta béèsì kò ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà yẹn, ẹnu ló fi ń kọ orin tuntun sínú rẹ́kọ́dà. Ní January 1979 ló kú ní Mẹ́síkò, ẹni ọdún 56.

Ojú kan náà ni o. Tí mo bá gbẹ́ omijé sí i, funfun náà ló máa jẹ́, bíi ti ìlà iwájú orí yẹn...

Ọmọ yẹn dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Òjò ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó sọ.