Dókítà Tó Máa Béèrè Ohun Tí Ọmọ Yín Fẹ́ràn

Ọmọ ọdún méjì àti ààbọ̀ ń fẹ́ ẹran inú ìkòkò. Kò sọ̀rọ̀, kò nawọ́ sí i, kò wojú ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ìyá ló dì mú, ó gbé e lé ìdérí ìkòkò bí ẹni gbé ṣíbí. Tí ẹ bá ń rí èyí léraléra, tí ẹ pe orúkọ rẹ̀ tí kò yíjú, àmọ́ tí ọ̀rá bisikíìtì dún tó sì sáré dé, ẹ má dúró: ó lè jẹ́ ọ́tísíìmù, ìyàtọ̀ nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ tó ń kan bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá èèyàn lò. "Ọkùnrin máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀" ti jẹ ọdún mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà, kò sí àwòrán ọpọlọ tó ń fi ọ́tísíìmù hàn. Ìṣe ọmọ ni dókítà ń wò, ẹnu òbí ló sì ti ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù. Fún ọmọ oṣù 16 sí 30, ìbéèrè 20 kan wà tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R. Ó wà ní Faransé, ọ̀fẹ́ sì ni. Tí àmì ewu inú ìdáhùn yín bá ti pé 3, ó yẹ kí wọ́n tún bi yín síwájú sí i. Tó bá tó 8, kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Asẹ́ ni, kì í ṣe ìdájọ́.

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lọ́dọ̀ ORL, dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Bisikíìtì tó gbọ́ kò tó ẹ̀rí, torí ọmọ tí omi wà nínú etí rẹ̀ lè gbọ́ lónìí kó má gbọ́ lọ́la. Ní ti abẹ́ ahọ́n tí àwọn kan ń gé kí ọmọ lè sọ̀rọ̀, ahọ́n tó so kì í dá ọmọ dúró kó má nawọ́ sí nǹkan.

Ẹ ra kàyé (ìwé ìkọ̀wé), ẹ fi ọjọ́ 14 kọ ọ́. Nígbàkígbà tó bá figbe ta tàbí tó ń forí gbá ògiri: aago mélòó, kí ló ṣáájú, kí ló ṣe, kí ló mú un dákẹ́. Ẹ kọ oorun rẹ̀, ẹ kọ ìgbẹ́ rẹ̀ náà. Ìgbẹ́ yìí làwọn èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò lè sọ pé inú ń run òun lè máa forí gbá ògiri torí ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tó ti yàgbẹ́ gbẹ̀yìn. Eyín àti etí dídùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fídíò ìṣẹ́jú kan: ìgbà tó ń ṣeré, ìgbà tí ẹ pè é. Tí ojú rẹ̀ bá ń dúró sójú kan, tí ẹ fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi han dókítà, nítorí wárápá máa ń bá ọ́tísíìmù rìn.

Ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ máa fi ìdérí ìgò kan ọmọ láyà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kí ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà lè mọ́ ọn lára. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, kí ẹ sì gbé e kúrò. Kíkà yẹn ló ṣe pàtàkì ju ìdérí lọ, ọmọ ń kọ́ pé nǹkan náà máa parí ní àrún. Ẹ sọ fún dókítà kó ka bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nọ́ọ̀sì tó bá bẹ̀rẹ̀ ní "un, deux" ní Faransé, nǹkan mìíràn pátápátá ló bẹ̀rẹ̀ lójú ọmọ náà. Èyí tó bá sì kọjá àrún, ó ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.

Èdè yìí gan-an la fi ń mọ dókítà. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, ọmọ lè gbọ́ Yorùbá nínú ilé, Ègùn lọ́jà, Faransé níléèwé. Dókítà tó bá ní kí ẹ pa Yorùbá tì kó lè sọ̀rọ̀, ó ṣì yín lọ́nà. Èdè púpọ̀ kì í dá ọ́tísíìmù sílẹ̀, kì í sì í mú un le sí i. Èdè tí ẹ mọ̀ jù lẹ lè fi bá a ṣeré, tí ẹ lè fi kọrin fún un. Faransé gbígbẹ tí ìyá ń ṣà sọ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Dókítà tó dáa máa bọ́ aṣọ funfun, á jókòó nílẹ̀, á jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ di ẹ̀rọ àyà mú. Á béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ràn, á béèrè bí ìyá ṣe ń sùn. Tó bá ṣèlérí ìwòsàn, tàbí tó ń ta oògùn tó "ń la ẹnu", ẹ dìde. Oògùn risperidone wà fún ìbínú tó le gan-an, kì í kọ́ni lọ́rọ̀, ó sì ń mú ọmọ sanra; ẹni tó bá kọ ọ́ láìwọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn kan ń pariwo rẹ̀ náà kọ́ ló fa ọ́tísíìmù. Ìwé Andrew Wakefield ti 1998 tó dá ariwo yẹn sílẹ̀, Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde, ti yọ ọ́ kúrò ní 2010. Ẹ parí abẹ́rẹ́ àbúrò rẹ̀.

Láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ wá sí Kútọnu, sí ilé ìwòsàn ńlá CNHU Hubert Koutoukou Maga, kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gba àkókò tó ṣáájú láàárọ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání tó máa di ọmọ mú níta kí ẹ lè ráyè sọ̀rọ̀, àti oúnjẹ tó máa ń jẹ, nítorí ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀bà nìkan ló ń jẹ kò ní jẹ búrẹ́dì ibùdókọ̀. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ní kí dókítà kọ ohun tó rí àti ohun tó kàn sínú carnet (ìwé ìlera ọmọ), kí nọ́ọ̀sì àdúgbò yín lè máa wọn ọmọ láàárín oṣù. Kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ewé carnet náà kí ẹ tó gun zémidjan (ọ̀kadà). Òjò ò mọ̀wé.