Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, ẹ̀dọ̀ mi ṣì ń ṣiṣẹ́

6.1 kPa. Ohun tí ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó gbé jáde fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn páálí oògùn mi, mo kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, mo wá ń kọ ọ́ síbí kí ẹ lè bá mi dúpẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ ń bọ̀ láti ọdún tó kọjá, ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ "Ẹ gbàdúrà fún mi" tí n kò sì gbẹ́nu sọ nǹkan kan mọ́ fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀rù ló bà mí nígbà yẹn. Ní báyìí, mo lè sọ ọ́.

Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B) ti wà lára mi tipẹ́, ẹ mọ̀. Kò dùn mí, mo sì fi í sílẹ̀ kó máa sùn, èyí tí n kò gbọdọ̀ ṣe. Nígbà tó máa jí, ẹyinjú mi pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ mi dúdú, àtẹ̀gùn ilé ara mi di òkè. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ALT jẹ́ 412, bẹ́ẹ̀ ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ju nǹkan bí 40 lọ. ALT kì í sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí o. Èròjà kan ni, inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń jò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń fara gbọgbẹ́.

Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n gbé mi sábẹ́ FibroScan, irú ẹ̀rọ tó ń wọn líle ẹ̀dọ̀ yẹn, lọ́jọ́ kejì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó ni. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ó gbé 19.4 kPa wá. Ẹni tó mú ìwé náà bọ̀ kò tilẹ̀ jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ní, "Ẹ̀dọ̀ yín ti le. Cirrhosis ni." Àpá tó ti gba ẹ̀dọ̀ kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni náà yí padà, ó pe ẹni tó kàn.

Mo jókòó síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ orí àbígbẹ̀yìn mi: tí mo bá rí ọdún méjì lò, yóò jẹ́ mọ́kànlá, tí mo bá rí mẹ́rin, yóò jẹ́ mẹ́tàlá. Mo ń ṣe ìṣirò yẹn lọ́wọ́ títí ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ fi wá ní kí n dìde. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan nínú ẹbí bi ọkọ mi bóyá mo ti kọ ìwé ìhágún. Inú yàrá ni mo wà, ilẹ̀kùn kò tì tán. Mo gbọ́ ọ, ìwọ tó béèrè. Mo ti dárí jì ọ́, àmọ́ mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo gbọ́. Ẹlòmíì gbé oògùn olómi wá, ó ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ń gbọgbẹ́ lọ́wọ́ ni ẹ fẹ́ kó tún máa bá ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jìjàkadì? Ọpẹ́lọpẹ́ pé n kò mu ún.

Dókítà kejì ló ní kí n lọ rí àbúrò mi yìí. Àbúrò ni mo ń pè é, òbí kan náà kọ́ ló bí wa. Òun ló ń lo ẹ̀rọ náà níbẹ̀. Mo na ìwé sí i, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kò wo 19.4 rárá. Nọ́ńbà kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló fìka sí: IQR, 41%.

"Mà, ṣé ẹ ti jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é?"

Mo ní mo ti jẹun. Ó béèrè ALT mi, mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fa àga wá síwájú mi. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni ẹ̀rọ náà máa ń wọn ẹ̀dọ̀, èyí tó bọ́ sí àárín nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n máa ń kọ. Nọ́ńbà kékeré yẹn ló ń sọ bóyá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fohùn ṣọ̀kan. Tó bá ti ju 30% lọ, a jẹ́ pé wọ́n ń bára wọn jiyàn, kò sì yẹ kéèyàn fi irú èsì bẹ́ẹ̀ dájọ́. "N kò ní sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan, mà. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá jẹun, ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lọ sí ẹ̀dọ̀, ó máa ń le sí i. Ẹ̀dọ̀ tó wú náà máa ń le. Ẹ̀rọ yìí ò mọ èyí yàtọ̀ sí àpá. Ẹ lo oògùn yín, ẹ jẹ́ kí ALT wálẹ̀, ẹ padà wá láìfi nǹkan kan kan ẹnu fún wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán."

Ó lè ṣe é lọ́jọ́ yẹn kó gbowó mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà fóònù mi ló gbà. Oṣù mẹ́rin gbáko tí mo fi ń lo tenofovir, oògùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ mi, kò sí oṣù tí kò kọ̀wé sí mi: "Mà, ALT ńkọ́?" 214. 96. 58. 41. Àwọn ìbátan mi kan wà tí wọn ò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo padà, mo nà gbalaja, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn orí. Ó fi jẹ́ẹ̀lì tútù sí mi, ó ki ẹnu ẹ̀rọ sáàárín eegun ìhà mi. Ó ń kàn mí pẹ́pẹ́ bí ẹni rọra kan ilẹ̀kùn. Ìgbì kékeré ni ìkànkùn yẹn ń rán wọlé. Tí ẹ̀dọ̀ bá le, ìgbì a sáré, tó bá rọ̀, a fẹsẹ̀ falẹ̀. Kò dùn mí rárá, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yí ojú ẹ̀rọ sí mi: 8.2, IQR 12%. Ó ní àpá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí wọ́n ń pè ní cirrhosis, tí wọ́n sábà máa ń kà láti nǹkan bí 12.5 lọ sókè. Mo sunkún débi pé jẹ́ẹ̀lì gbẹ mọ́ mi lára.

Dókítà ní líle ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ó wo albumin, purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, ó wo bilirubin, ìdọ̀tí aláwọ̀ ìyeyè tó yẹ kí ẹ̀dọ̀ máa kó dànù, ó wo INR láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ mi ń dì lásìkò. Wọ́n tún fún mi ní ohun àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ methacetin mu, èyí tí carbon-13 wà nínú rẹ̀, irú carbon tí kì í ṣe onítànṣán. Tí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, carbon yẹn á sì bá èémí jáde. Mo jókòó, mo ń mí sínú ọ̀pá. Èémí mi ń ròyìn ẹ̀dọ̀ mi! Gbogbo rẹ̀ ló dára.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ tí kò gún èèyàn kò lè rí nǹkan kan, tí ẹ ní àfi kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé ẹran ẹ̀dọ̀ wò (biopsy), ẹran tí abẹ́rẹ́ ń yọ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá 50,000 ẹ̀dọ̀. Ibi tí ẹ̀rọ yìí ń wọ̀n fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100. N kò bú abẹ́rẹ́ o. Ọjọ́ ń bẹ tí dókítà ò ní rí ọ̀nà míì, pàápàá tí èsì bá ń ta kora tàbí tí wọn ò mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀dọ̀. Ẹ kàn má fi mí ṣẹ̀rù ba ẹlòmíì.

Ẹ ò béèrè, màá sọ ọ́ síbẹ̀. Tí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ bá wà lára yín, ẹ ní kí dókítà bá yín ṣírò FIB-4, ìṣirò tó ń fojú díwọ̀n àpá tó wà lára ẹ̀dọ̀. Ọjọ́ orí, ALT, AST tó jẹ́ èròjà bíi rẹ̀, àti iye platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) nìkan ló ń fẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé àyẹ̀wò tí ẹ jù sínú àpótí. Tèmi jẹ́ 3.1 nígbà tí ẹ̀dọ̀ wú, ó di 1.2 nígbà tó rọlẹ̀. Ohun tí kò bá tó 1.45, ọkàn wọn máa ń balẹ̀ sí i. Ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara yá. Èmi ṣì ń lò ó, mo ṣì ń lọ fún skáànù lóṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé o máa ka èyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, o tún bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Ọlọ́run tó rán ọ sí mi kò ní jẹ́ kí o wá olùrànlọ́wọ́ tì. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àbígbẹ̀yìn mi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lánàá, ó ní kí n kí ọ.