Ọjọ́ Tí Iná Dé Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọkọ̀ dúdú ò ní àṣírí. Bí oòrùn Àkúrẹ́ bá ti ràn sí i lára báyìí, gbogbo ibi tí àkísà oníyanrìn ti họ ọ́ á yọ kedere, á rí wínníwínní bí òwú aláǹtakùn. Bí Camry Bọ̀dá mi ṣe rí nìyẹn, a sì ń lọ ṣe ìdána ọmọ wọn ọkùnrin ní ìlú Oǹdó. Bọ̀dá ní àwọn ò lè gbé ọkọ̀ tó kọlà lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Dókítà. Orúkọ tó fún ara ẹ̀ nìyẹn o! Ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ létí títì wa ní Òkè-Àró ni, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti ra ẹ̀rọ pólíìṣì àlòkù, tó sì wo fídíò títí dátà fi tán lórí fóònù ẹ̀, ẹni tó bá pè é ní ọmọ kà-wọ́ọ̀ṣì, kò ní dá a lóhùn. Ká sòótọ́ ṣá, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kọ́kọ́ fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, torí iyanrìn tó bá ṣẹ́kù lára ẹ̀, ẹ̀rọ á kàn máa fi họ ọ́ sí i ni. Ó tì í sábẹ́ máńgòrò, kí oòrùn má baà mú pólíìṣì gbẹ kíákíá. Ó wá fi téèpù bo gbogbo etí àti rọ́bà.

Bọ̀dá ní kí ló dé tí kò kúkú fi kẹrosíìnì nù ún.

"Dádì, kẹrosíìnì kàn máa bo ìlà yẹn mọ́lẹ̀ ni, tó bá gbẹ, ó tún jáde. Èmi máa ha ọ̀dà òkè yẹn díẹ̀díẹ̀ títí ojú ẹ̀ á fi dọ́gba. Ẹ̀sọ̀ ni o, torí ọ̀dà yẹn ò nípọn tó irun orí yín."

Bọ̀dá fọwọ́ pa orí wọn tó pá.

Nígbà tó fi máa ṣe apá òsì tán, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń dán gbinrin. Àǹtí, ìyàwó Bọ̀dá, sọ ọ́ di dígí, wọ́n dúró síwájú ẹ̀, wọ́n ń wé gèlè. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pólíìṣì tútù sójú fóòmù ẹ̀rọ láti bọ́ sí apá ọ̀tún ni iná lọ. Ó gbé ẹ̀rọ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fóòmù kọjú sókè, ó lọ wá ẹni tó máa yá a ní jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀rọ yẹn ní bọ́tìnnì kékeré kan tí wọ́n fi ń há a sí títàn, kí ìka má baà ro wọ́n. Ó ṣì há.

Bọ̀dá jáde nínú agbádá búlúù, wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ láti wo iṣẹ́. Lójijì, gbogbo àdúgbò hó yèè: "Úùpù NÉPÀ!" Àǹtí náà ju ọwọ́ sókè. Ẹ̀rọ ní gbùùù! Pólíìṣì fọ́n sí fìlà, ó fọ́n sí gíláàsì ojú Bọ̀dá, ó fọ́n sí gèlè, kódà iṣu ìdána gba tiẹ̀. Ẹ̀rọ náà yí bírí, ó já bọ́ sílẹ̀, ó ń lé adìyẹ kiri dé ibi tí wáyà ẹ̀ gùn mọ.

Bọ̀dá ò ríran mọ́. "Ẹ pa á! Ẹ pa á!"

Bàbá ilé kejì fo fẹ́ǹsì pẹ̀lú kùmọ̀. "Ejò ọ̀hún dà?"

Èmi ni mo yọ wáyà nínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó fi kùmọ̀ ba ẹ̀rọ olówó jẹ́.

Ọpẹ́ ni pé pólíìṣì kì í ṣe ọ̀dà. Bó bá gbẹ, ó di ẹbu funfun. A ń gbọn Bọ̀dá nínú ọkọ̀ títí a fi kọjá Ọwẹ́nà. Ààyè ò sì sí mọ́ láti ṣe apá ọ̀tún, ni Dókítà bá gbà wá nímọ̀ràn pé tá a bá débẹ̀, apá òsì ni ká jẹ́ kó kọjú sí ilé àna.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Bàbá ìyàwó wò ó títí, wọ́n ní, "Àna wa, ta ló bá yín dán ọkọ̀ yìí? Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀."

Bọ̀dá ká agbádá léjìká, ẹbu sì bú jáde. "Màá fún yín. Àmọ́ ọjọ́ tí iná ò bá sí ládùúgbò ni kẹ́ ẹ pè é."