Yúnífásítì Lábẹ́ Abíyá Kọ́ńdọ̀

Ẹni tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ti di lọ́yà báyìí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn lẹ́jọ́, nítorí náà a ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọdún 2014 lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù kan ṣì jẹ́ ₦97. Ẹ má sunkún, ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Yúnífásítì Èkó, ìyẹn Yúnílágì tó wà ní Akọ́kà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á wọlé, ó wá bọ́ sílẹ̀ ní Bẹ́gà, lẹ́nu ibodè Èkó, láàárọ̀ Mọ́ńdè pẹ̀lú báàgì kan, gàrí ìdajì àpò, gálọ́ọ̀nù epo pupa, àti owó kan ṣoṣo: ₦1,000 tuntun tí màmá ẹ̀ tú jáde létí ìró nígbà tó ń dágbére fún un. Kó tó kúrò nílé ló ti wo máàpù lórí fóònù. Ó rí i pé ọ̀nà tó ti Bẹ́gà lọ Ọbáléndé gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé náà kọjá gbọnrangandan, àfi bí ẹni fi rúlà fà á. Inú ẹ̀ dùn. Wọ́n ti ní Èkó le, kí ló wá le níbẹ̀?

Máàpù ò purọ́. Ohun tí máàpù ò sọ fún un ni pé orí ọ̀sà ni ọ̀nà yẹn wà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní Bẹ́gà ná, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti wọ́. Danfo kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Yẹ́lò ni gbogbo wọn, ilà dúdú méjì ní ìhà. Ti pé wọ́n kọ orúkọ àdúgbò kan sára ọkọ̀ ò ní kó lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ Ọ̀ṣọ́dì sí lára lè jẹ́ Ìkòròdú ló ń ná láti oṣù tó kọjá. Bí wọ́n bá kọ “Kò sóhun tó le” sí bọ́ǹpà ẹ̀yìn, ìyẹn gan-an ló ṣeé gbà gbọ́ díẹ̀. Etí lèèyàn fi ń dá danfo mọ̀. Ẹnu kọ́ńdọ̀ ni bọ́ọ̀dù, bí ibi tí wọ́n ń lọ bá yí padà láàárín ọ̀nà, ẹnu náà ló máa kọ́kọ́ yí.

Ní Bẹ́gà, kọ́ńdọ̀ tó ń pe “Ọbáléndé, Ọbáléndé, CMS” máa gun afárá Third Mainland ní Òwòrónṣòkí, kò sì ní bọ́ sílẹ̀ mọ́ títí á fi dé Adéníjì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Èyí tó ń pe “Yábà, Yábà” lè gun afárá kan náà, àmọ́ á yà sọ́wọ́ ọ̀tún ní Adékúnlé, á sì wọ Yábà lọ. Láti abẹ́ bíríìjì ní Yábà, ọkọ̀ kéékèèké ń pe “Yúnílágì, Yúnílágì” láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà fún ẹni tó bá ń lọ Akọ́kà: “Ṣé ẹ máa gba Adékúnlé?” Ẹni tó ti jókòó sínú ọkọ̀ ni kí ẹ bi. Kọ́ńdọ̀ tó ku ìjókòó mẹ́ta kò ní sọ fún yín láéláé pé òun ò lọ Mẹ́kà.

Kọ́ńdọ̀ ni ọmọ Ìsẹ́yìn bi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ẹ́ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ máa kọjá Yúnílágì?”

“A máa kọjá ẹ̀. Wọlé, ẹnì kan ló kù.”

Lónìí tó ti di lọ́yà, ó gbà pé kò sí ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n kọjá ẹ̀ lóòótọ́.

Ó kù kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ owó. Tú-fífítì ni, ₦250. Ó ní, “Stúdẹ́ǹtì ni mí o, ẹ jẹ́ n san háàfù.” Kọ́ńdọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Èmi náà, lẹ́kíṣọ̀ ni mí. Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ.” Ẹ má dá kọ́ńdọ̀ lẹ́bi. Háàfù wà nínú danfo, àmọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń fún, àánú kọ́ńdọ̀ ló sì ń mú un wá, kò sí òfin tó fi dè é. Ọmọ tó san háàfù mọ̀ pé òun lè dúró lórí ẹsẹ̀, tàbí kí òun jókòó lé itan ẹni ẹlẹ́ni. Ọmọ yunifásítì tó wọ jíńsì, tó sì ti hu irùngbọ̀n díẹ̀, kí ló fẹ́ fi hàn? Káàdì ìdánimọ̀? Kọ́ńdọ̀ á ní òun ò mọ̀wé.

Mẹ́rin-mẹ́rin ni ìjókòó, ìlà mẹ́ta lẹ́yìn dírẹ́bà, èèyàn méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mẹ́rìnlá. Kọ́ńdọ̀ fúnra ẹ̀ ò ní ìjókòó, ẹnu ọ̀nà ló ń gbé, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kejì nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ kan lórí òrùlé. Ìlà àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà gan-an, ni wọ́n fi ọmọ wa sí, gàrí lórí itan, gálọ́ọ̀nù epo láàárín ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tó bá máa rí nílùú Èkó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó di dandan kó gba abẹ́ abíyá kọ́ńdọ̀ rí i.

Wọ́n kọjá Sẹ́fùn-Ọ́ọ̀pù. Kọ́ńdọ̀ ń béèrè lọ: “Alápẹ̀rẹ̀ wà?” Ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn: “Ó wà o!” Wọ́n já a. “Òwòrò wà?” Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Bí ọkọ̀ bá dákẹ́ báyẹn, dírẹ́bà ò ní tẹ búréèkì, ó parí. Ẹni tó bá ń sọ̀ gbọ́dọ̀ ti pariwo “ó wà” kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀, kó sì dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, torí ẹni tó pariwo láìdìde, wọ́n á rò pé fóònù ló ń gbà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ń kọ́ gbogbo èyí sórí. Ó ń dúró de kọ́ńdọ̀ kó ní “Yúnílágì wà?”

Wọ́n gun afárá. Kìlómítà mọ́kànlá àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni afárá yẹn, 1990 ni wọ́n parí ẹ̀, kò sì sí bọ́sítọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí ẹ̀ ni kọ́ńdọ̀ ti ń gbowó. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀ kalẹ̀ sá lọ, àfi tó bá mọ̀wẹ̀. “Ẹ̀yìn, owó yín dà?” Owó ń bọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó kan ọmọ wa, ó na ₦1,000 tuntun jáde.

“Ṣé mi ò sọ ti ṣénjì fún ẹ ni?” Kọ́ńdọ̀ gbà á, ó ká a mọ́ àárín ìka. “Fara balẹ̀, ma fún ẹ.”

Gbólóhùn yẹn ló yẹ kó bà á lẹ́rù. Ẹ wò ó: ₦250 lọ́nà mẹ́rin, ₦1,000 ni. Èèyàn mẹ́rin ló wà lórí ìjókòó yẹn. Ká ní kí kọ́ńdọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ló ti yíjú sí àwọn mẹ́ta tó kù, kó ní “ẹ kó tiyín fún mi, ma san fún gbogbo wa,” ₦750 ì bá ti bọ́ sápò ẹ̀, kọ́ńdọ̀ náà á sì dúpẹ́. Ẹni tó ní owó ńlá nínú danfo, òun fúnra ẹ̀ ló yẹ kó wá alábàápín, torí tó bá fi í sílẹ̀ fún kọ́ńdọ̀, ẹni tó bá wu kọ́ńdọ̀ ló máa so ó pọ̀ mọ́, á fún wọn ní owó kan ṣoṣo kí wọ́n lọ pín in. Bí wọ́n bá sì jẹ ọ́ ní ṣénjì, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni kó o máa rán an létí. Ẹni tó tijú lórí afárá, ìsàlẹ̀ ni yóò ti sunkún.

Ibi tó ti ń rò ó pé kí òun béèrè àbí kí òun má béèrè ni kọ́ńdọ̀ ti na apá sókè láti lu òrùlé. Lábẹ́ abíyá náà, lọ́wọ́ ọ̀tún, omi tàn yanran, igi tẹ̀ lé e, ilé gíga kan sì yọ lókè igi. Ó mọ ilé yẹn. Ó ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbà tó lé ní ogún. Ilé Sẹ́náètì ni.

Ó dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ. “Yúnílágì! Ó wà o! Ó WÀ O!”

Ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Dírẹ́bà pàápàá wo mírọ̀.

Kọ́ńdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí ojú ẹ̀ dáadáa. “Ó wà níbo? Ṣé inú ọ̀sà lo ti fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ni?”

“Ẹ sọ pé ẹ máa kọjá ẹ̀.”

“Kí la wá ń ṣe báyìí?”

Bàbá kan lẹ́yìn ní kí wọ́n bi í bóyá ó lè lúwẹ̀ẹ́, torí pé gàrí yẹn máa wú. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, tó jókòó tì í, mi orí títí. “Ọmọ mi, ọkọ̀ Yábà lò bá wọ̀.” Mákòkó kọjá, àwọn ilé tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú omi. Ọ̀nà Adékúnlé yà lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ láìmú un dání. Danfo kàn ń sáré ni.

Ní Adéníjì, òun àti ìyá ẹlẹ́ja ni wọ́n jọ sọ̀. Ìyá ti san ₦500, ṣénjì tiẹ̀ jẹ́ ₦250. Ti ọmọ wa jẹ́ ₦750. Kọ́ńdọ̀ na owó kan sí wọn: “Ìyá, ẹ̀yin àti bọ̀ọ̀dá elépo, ẹ jọ pín in.” Ọkọ̀ ti ń lọ kó tó sọ ọ́ tán. Ọmọ Ìsẹ́yìn wo owó náà. ₦1,000 ẹ̀ ni, ibi tí màmá ẹ̀ ti ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin ṣì hàn. Owó tó gbé láti Ìsẹ́yìn wá ló tún padà, àmọ́ ó ti fẹ́ ìyàwó. Ìyá ẹlẹ́ja ló mú un dání. Àgbà ló kúkú jẹ́.

Iṣẹ́ gidi ni ká wá ṣénjì ₦1,000 láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹni tó ń ta bọ̀ọ̀lì ò ní fún yín, torí kò tíì ta nǹkan kan, ẹni bá sì fi ṣénjì tọrẹ láàárọ̀ á máa wá a títí di ọ̀sán. Oníkáàdì ìpè ló dára jù, àmọ́ ó di dandan kí ẹ ra nǹkan. Ọmọ wa ra káàdì ₦100. Wọ́n fún un ní ₦500 kan àti ₦200 méjì. Ìyá ẹlẹ́ja mú ₦200 kan. Ó kù àádọ́ta. Àádọ́ta ò sí. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́pà, ó fi ₦200 kejì ra ẹ̀pà ₦50, wọ́n fún un ní ₦100 àti ₦50. Ìyá gba ₦50 náà, ó súre fún un, ó sì bu ẹ̀pà díẹ̀. ₦600 ló kù sọ́wọ́ ọmọ wa, pẹ̀lú káàdì ìpè tí kì í ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lò.

Ó rí ọkọ̀ Yábà. Èèyàn mẹ́ta ló bi bóyá wọ́n máa gba Adékúnlé, títí kan ọmọ kékeré kan tó wà lórí itan ìyá ẹ̀. ₦100 ni wọ́n gbà. Ó wá ku ₦500, owó kan ṣoṣo.

Ní abẹ́ bíríìjì Yábà: “Yúnílágì, fífítì, wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!” Ó na ₦500 náà. Kọ́ńdọ̀ wo owó, ó wo gàrí, ó wo gálọ́ọ̀nù epo.

“Sọ̀ kalẹ̀.”

Ẹsẹ̀ ló fi dé Akọ́kà. Gálọ́ọ̀nù ti ń jò láti ìdérí, epo pupa ń tò tẹ̀ lé e lórí títì bí ẹni ń sàmì sí ọ̀nà àbọ̀.

Lóde òní, ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì BRT tàbí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó ń ná Marina sí Mile 2, káàdì Cowry ló máa fi kan ẹ̀rọ, kò sí pé wọ́n ń so ẹnikẹ́ni pọ̀. Kí ẹ ṣáà ti fi owó sínú ẹ̀ láti ilé, torí ẹ̀rọ ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn yín lórí ìlà náà ò sì ní sùúrù. Danfo ò gba káàdì ní tiẹ̀. Ẹ kó owó kéékèèké sí àpò kan, kí owó ńlá wà ní àpò mìíràn tí kọ́ńdọ̀ ò ní rí i nígbà tí ẹ bá ń san.

Ọmọ Ìsẹ́yìn gba fọ́ọ̀mù ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó ṣe, ó di ọmọ ilé-ìwé dáadáa, ó ń lọ jókòó létí ọ̀sà níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gba atẹ́gùn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Láti ibẹ̀, èèyàn á máa wo afárá náà lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn danfo yẹ́lò ń to lọ bí èèrà. Ó búra pé lọ́jọ́ kan, nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ wá sápá ọ̀dọ̀ àwọn, òun gbọ́ ohùn ẹnì kan láti òkè lọ́hùn-ún: “Ó wà o!”